Egbò Tí Ojú Kò Rí

Ọ̀pọ̀ nínú yín kọ̀wé sí mi lọ́dún tó kọjá láti béèrè ìdí tí ojú ewé yìí fi ṣófo fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Mo ṣèlérí nígbà náà pé n ó sọ ọ́ bí ọ̀rọ̀ náà bá ti tutù lọ́kàn mi. Ó ti tutù wàyí. Ọ̀rọ̀ ọrùn mi ni.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ibi ìsọmọlórúkọ kan tí a lọ ní ọjọ́ Sátidé níhìn-ín ní ìlú Houston, ní Amẹ́ríkà, níbi tí èmi àti ẹbí mi ń gbé. Ọjọ́ kẹta nìyẹn tí mo ti ilé ìwòsàn dé, níbi tí wọ́n ti fi abẹ́rẹ́ gbígbóná jó kókó kan tó wà nínú ọrùn mi. Kò sí báńdéèjì lọ́rùn mi. Kò sí ojú ọ̀bẹ. Ohun tó wà níbẹ̀ kò ju ojú abẹ́rẹ́ kan ṣoṣo lọ, bí ìgbà tí ẹ̀fọn bá jẹni. Àǹtí kan tí mo bọ̀wọ̀ fún gidigidi fà mí sí ẹ̀gbẹ́ kan, wọ́n fi ìka gbé àgbọ̀n mi sókè, wọ́n wo ọrùn mi títí, wọ́n ní: "Mo gbọ́ pé wọ́n ti bá ọ ṣe é. Èwo ni wọ́n wá ṣe níbẹ̀? Ó mà tún tóbi ju ti tẹ́lẹ̀ lọ!"

Mo rẹ́rìn-ín músẹ́. N kò mọ èsì tí n bá fọ̀. Kò pẹ́ tí wọ́n fi ké sí àwa obìnrin pé kí a wá bá wọn kó oúnjẹ wọlé láti inú ọkọ̀. Ojú tì mí láti sọ pé n kò lè gbé nǹkan. Ta ni ì bá gbà mí gbọ́? Èmi tí mo wé gèlè, tí mo lé tìróò. Mo di etí kúlà ìrẹsì kan mú, ẹnì kan di etí kejì mú, a sì gbé e wọlé.

Lóru ọjọ́ náà, ọrùn mi bẹ̀rẹ̀ sí í fà mí, ó sì ń lù kìkì bí ọkàn ẹni tó sáré. Nígbà tí ilẹ̀ yóò fi mọ́, ó ti wú, awọ rẹ̀ sì ti dúdú dé òkè àyà. Ọkọ mi kò bá mi jiyàn. Ó pe nọ́ńbà tí nọ́ọ̀sì kọ sínú ìwé fún wa, wọ́n sì ní kí a máa bọ̀ lójú ẹsẹ̀, nítorí pé wíwú ọrùn lẹ́yìn irú ìtọ́jú bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ohun tí a ń fi dúró de ọjọ́ Ajé. A kì í fi iná sórí òrùlé sùn. Wọ́n ṣe sikáànì fún mi, wọ́n rí i pé iṣan ẹ̀jẹ̀ kékeré kan ló ti ṣẹ̀jẹ̀ sábẹ́ awọ, ṣùgbọ́n kò tẹ ọ̀nà èémí mi. Wọ́n fi omi dídì sí i, wọ́n sì ń ṣọ́ mi títí di ìrọ̀lẹ́. Dókítà béèrè bóyá mo gbé ohun tó wúwo. Mo dákẹ́. Ọkọ mi ló dáhùn pé, "Kúlà ìrẹsì ni."

Àǹtí mi kò ṣẹ̀ mí. Ohun tí wọ́n rí ni wọ́n sọ. Èmi ni mo gbàgbé pé egbò tí ojú kò rí, egbò náà ni. Ohun tí mo fẹ́ kí a jọ yẹ̀ wò lọ́sẹ̀ yìí nìyẹn: bí ènìyàn ṣe ń bọ̀ sípò lẹ́yìn ìtọ́jú tí kò fi àpá sílẹ̀, àti bí àwọn ará ilé rẹ̀ ṣe lè ràn án lọ́wọ́.

Kókó inú ọrùn

Nísàlẹ̀ gògóńgò ọ̀kọ̀ọ̀kan wa ni ẹ̀yà ara kan wà tó dà bí labalábá tó na ìyẹ́ rẹ̀ méjèèjì. Táírọ́ọ̀dù ni wọ́n ń pè é. Òun ló ń ṣe họ́mọ̀nù tó ń darí bí ara ṣe ń lo oúnjẹ, bí ọkàn ṣe ń lù, àti bí ara ṣe ń móoru. Bí gbogbo rẹ̀ bá wú, gẹ̀gẹ̀ ni àwọn àgbà wa ń pè é. Nígbà mìíràn, kókó kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ni yóò hù nínú rẹ̀. Irú kókó yìí wọ́pọ̀ púpọ̀, ó sì wọ́pọ̀ lára obìnrin ju ọkùnrin lọ. Nínú 100 irú rẹ̀, ó lé ní 90 tí kì í ṣe jẹjẹrẹ. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kò sì nílò ju kí dókítà máa ṣọ́ wọn lọ.

Tèmi ti kọjá èyí tí à ń ṣọ́. Ọkọ mi ló kọ́kọ́ rí i nígbà tí mo ń mu omi: ohun kan ń bá gògóńgò mi gòkè, ó sì ń bá a sọ̀ kalẹ̀. Láàárín ọdún méjì, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ẹyin ẹyẹlé. Bí mo bá gbé òkèlè iyán mì, yóò dà bí ẹni pé ó fẹ́ há. Bí mo bá fi ẹ̀yìn lélẹ̀, yóò dà bí ẹni pé ẹnì kan gbé ọwọ́ lé mi lọ́rùn. N kò wọ ìlẹ̀kẹ̀ mọ́, nítorí n kò fẹ́ kí ojú ènìyàn lọ síbẹ̀.

Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ fi hàn pé táírọ́ọ̀dù mi ń ṣiṣẹ́ bó ṣe yẹ. Wọ́n fi abẹ́rẹ́ tín-ín-rín fa díẹ̀ nínú kókó náà lẹ́ẹ̀mejì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, èsì méjèèjì sì sọ pé kì í ṣe jẹjẹrẹ. Ẹ jọ̀wọ́, ẹnikẹ́ni tó bá ń ro irú ìtọ́jú yìí kò gbọdọ̀ fo ìpele náà. Kí a tó jó kókó, a gbọ́dọ̀ mọ ohun tí à ń jó.

Ohun tí wọ́n ṣe fún mi

Iṣẹ́ abẹ ni ọ̀nà tí ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀, òun náà ló sì yẹ ọ̀pọ̀ aláìsàn. Ṣùgbọ́n ẹni tí wọ́n bá gé gbogbo táírọ́ọ̀dù rẹ̀ kúrò yóò máa lo oògùn họ́mọ̀nù lójoojúmọ́ títí ayé, àwọn kan tí wọ́n gé ìdajì tiwọn náà sì máa ń lò ó. Ẹ̀kọ́ yìí ti pẹ́. Theodor Kocher, oníṣègùn ọmọ orílẹ̀-èdè Switzerland, tó sọ iṣẹ́ abẹ gẹ̀gẹ̀ di ohun tí ènìyàn lè ṣe kí ó má kú, jábọ̀ ní ọdún 1883 pé àwọn tí òun yọ gbogbo táírọ́ọ̀dù wọn ń wú lójú, wọ́n sì ń lọ́ra ní ìrònú àti ní ìṣe. Iṣẹ́ rẹ̀ lórí ẹ̀yà ara kékeré yìí ló gba ẹ̀bùn Nobel fún un ní ọdún 1909. Èyí tó bá ṣe é fi sílẹ̀ nínú táírọ́ọ̀dù, ó dára kí a fi í sílẹ̀.

Ìtọ́jú tí mo gbà ni àwọn oníṣègùn ń pè ní radiofrequency ablation, tí wọ́n ń gé kúrú sí RFA. Kò tíì pẹ́ láyé. Àwọn oníṣègùn ilẹ̀ Kòríà wà lára àwọn tó kọ́kọ́ fi tọ́jú kókó táírọ́ọ̀dù ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún 21 tí a wà yìí. Ní Britain, àjọ NICE tẹ ìlànà jáde lórí rẹ̀ ní ọdún 2016. Ní Amẹ́ríkà, ọdún 2018 ni àjọ FDA fàyè gbà á.

Wọ́n fi ìrọ̀rí sábẹ́ èjìká mi kí ọrùn mi lè nà. Wọ́n gún mi ní abẹ́rẹ́ tí kì í jẹ́ kí a mọ ìrora, ṣùgbọ́n wọn kò mú mi sùn. Dókítà fi omi tútù sí àárín kókó náà àti iṣan tí ń darí ohùn, kí ooru má bàa dé ibẹ̀. Lẹ́yìn náà, ó ti abẹ́rẹ́ gígùn kan wọlé láti àárín ọrùn, ojú rẹ̀ sì wà lára sikáànì ní gbogbo ìgbà. Iná mànàmáná ń mú ẹnu abẹ́rẹ́ náà gbóná, ó sì ń jó kókó náà ní abala abala, láti ìsàlẹ̀ bọ̀ sókè, bí àgbẹ̀ ṣe ń sun koríko oko rẹ̀ kí iná má bàa ràn dé oko ẹlòmíràn. Mo ń mọ ooru díẹ̀ ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ àti ní etí. Lóòrèkóòrè, dókítà yóò ní kí n sọ̀rọ̀, kí ó lè mọ̀ pé ohùn mi wà níbẹ̀. Mo ń ka ení, èjì, ẹ̀ta. Ìgbà tí mo fi ka ọgọ́rùn-ún lẹ́ẹ̀mẹrin, ó ti parí. Mo sùn nílé mi lọ́jọ́ náà.

Bí ó ṣe rọrùn tó nìyẹn, ibẹ̀ gan-an sì ni ìṣìnà ti bẹ̀rẹ̀. Nítorí pé mo fi ẹsẹ̀ mi rìn jáde ní ilé ìwòsàn, mo rò pé ìtọ́jú ti parí. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni.

Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́

Ìwé tí wọ́n fún mi kò gùn. Kí n máa fi omi dídì tí a fi aṣọ wé sí ọrùn fún ìṣẹ́jú 15 ní ẹ̀ẹ̀kan. Kí n lo parasítámọ́ọ̀lù bí ó bá ń dùn mí, kí n má sì lo ásípírìn láìbéèrè, nítorí pé ó máa ń jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ tètè dà. Kí n gbé orí sókè lórí ìrọ̀rí bí mo bá ń sùn. Kí n má gbé ohun tó wúwo, kí n má sáré, kí n má ṣe eré ìdárayá líle fún ọ̀sẹ̀ kan. Mo ka gbogbo rẹ̀, mo sì fi sínú báàgì. Lẹ́yìn ọ̀rọ̀ kúlà ni mo tó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara fíríìjì.

Oúnjẹ kò ni mí lára. Ẹ̀kọ mímu láàárọ̀, àmàlà pẹ̀lú ewédú lálẹ́. Ohun tó bá ń yọ̀ lọ́fun ni mo fẹ́ràn. Ohun tó ṣòro ni ọmọ mi ọkùnrin, ọmọ ọdún méjì. Ní gbogbo ìrọ̀lẹ́ ni ó máa ń wọ́ ọ̀já rẹ̀ nílẹ̀ wá bá mi pé kí n pọn òun. Bí a bá bẹ̀rẹ̀ láti gbé ọmọ sẹ́yìn, tí a fún ọ̀já, ọrùn àti èjìká la fi ń ṣiṣẹ́. Ní ọjọ́ méjì àkọ́kọ́, ó sunkún títí ó fi sùn. Ní ọjọ́ kẹta lẹ́yìn tí a ti ilé ìwòsàn dé lẹ́ẹ̀kejì, ọkọ mi bẹ̀rẹ̀, ó ní kí n bá òun mú ọ̀já náà, ó sì pọn ọmọ rẹ̀. Bí ó ṣe ń fọ abọ́ ni ọmọ ń sùn lẹ́yìn rẹ̀. Mi ò ì tíì rí oògùn tó tu ọrùn mi lára tó ìyẹn.

Iṣẹ́ ńkọ́? Olùkọ́ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni mí, ohùn ni ọkọ́ àti àdá mi. Ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń padà sẹ́nu iṣẹ́ láàárín ọjọ́ kan tàbí méjì lẹ́yìn ìtọ́jú yìí. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ kò jọra. Ẹni tó ń jókòó ti kọ̀ǹpútà yàtọ̀ sí ẹni tó ń pariwo mọ́ ọmọ 25. Ẹ sọ irú iṣẹ́ tí ẹ ń ṣe fún dókítà, kí ẹ sì gba lẹ́tà ìsinmi kí ẹ tó kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀. Ojú kò yẹ kó tini láti fi lẹ́tà náà han ọ̀gá ẹni, kódà bí ọ̀gá náà bá wo ọrùn ẹni tí kò rí nǹkan kan.

Kókó tó le bí ẹyìn tútù

Ní ọ̀sẹ̀ kejì, ìwú náà lọ, ṣùgbọ́n kókó náà wà níbẹ̀. Ó tún wá le sí i, bí ẹyìn tí kò tíì pọ́n. Ìyá mi rí i lórí WhatsApp láti Ìbàdàn, wọ́n ní, "Ọmọ mi, wọ́n ti fi owó yín ṣòfò." Kò pẹ́ tí wọ́n fi fi òrí ránṣẹ́ sí mi lọ́wọ́ ẹnì kan tó ń bọ̀, pé kí n máa fi pa ibẹ̀, kí n sì máa fi omi gbígbóná tẹ̀ ẹ́.

Èmi náà ti ń ṣiyèméjì. Dókítà ló là mí lọ́yẹ. Ó ní ohun tí wọ́n jó ti kú, ṣùgbọ́n ó ṣì wà nínú ilé. Àwọn sẹ́ẹ̀lì ara mi ni yóò máa kó o jáde ní bíńtín bíńtín. Ìdí nìyí tí ó fi ń le kí ó tó kéré. Ọ̀pọ̀ kókó máa ń fi ìdajì dínkù láàárín oṣù mẹ́ta sí mẹ́fà, tí yóò bá sì fi pé ọdún kan, ó lè ti dínkù ní ìwọ̀n 50 sí 80 nínú 100. Kì í sábà parẹ́ pátápátá. Àwọn kókó ńlá lè nílò ìtọ́jú náà lẹ́ẹ̀kejì, àwọn kan sì lè tún hù lẹ́yìn ọdún bíi mélòó kan. Ó kìlọ̀ fún mi pé n kò gbọdọ̀ fi ọwọ́ pa ibẹ̀ tàbí tẹ̀ ẹ́. Mo fi òrí ìyá mi pa ẹsẹ̀ ọmọ, mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn.

Nígbà tí mo wá sọ ọ̀rọ̀ kúlà ìrẹsì fún ìyá mi, wọ́n dákẹ́ títí mo fi rò pé íntánẹ́ẹ̀tì ti lọ. Wọ́n wá ní: "Nígbà tí o bímọ, tí mo wá bá ọ tọ́jú rẹ̀, ǹjẹ́ mo jẹ́ kí o gbé ike omi? Ta ló rí egbò inú rẹ nígbà yẹn? Kí ló wá dé tí ohun tí o fún ikùn rẹ, o kò lè fún ọrùn rẹ?"

Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lára. Àwa Yorùbá ti mọ bí a ṣe ń tọ́jú ẹni tí egbò rẹ̀ wà nínú. A kì í ní kí abiyamọ fi ojú egbò hàn wá kí a tó gbà pé ó yẹ kí ó sinmi. A ó gba omi lọ́wọ́ rẹ̀, a ó gba ìgbálẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, a ó ka ogójì ọjọ́. Irú ojú yẹn ni ó yẹ kí a fi wo ẹni tó ti inú ìtọ́jú bọ̀, yálà wọ́n fi ọ̀bẹ là á ni tàbí wọ́n fi abẹ́rẹ́ gún un.

Ohun tí a kò gbọdọ̀ fi falẹ̀

Sùúrù dára, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo nǹkan là ń fi sùúrù wò. Bí ọrùn bá ń wú kíákíá, bí èémí bá há, tàbí bí ènìyàn kò bá lè gbé itọ́ mì, ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbà lọ lójú ẹsẹ̀, ìbáà ṣe òru. Bí ibà bá dé, tí ojú abẹ́rẹ́ bá ń gbóná tàbí tí ó ń ṣọyún, ẹ pe dókítà lọ́jọ́ náà.

Ohùn lè há fún wákàtí díẹ̀ nítorí abẹ́rẹ́ tí wọ́n fi pa ìrora. Tèmi há títí di òwúrọ̀ ọjọ́ kejì. Bí ó bá ju ọjọ́ mélòó kan lọ, tàbí bí omi bá ń pa ènìyàn ní ikọ́, ó ṣeé ṣe kí ooru ti kan iṣan ohùn. Lára ọ̀pọ̀ ènìyàn, ó máa ń padà bọ̀ sípò láàárín oṣù mẹ́ta, ṣùgbọ́n dókítà gbọ́dọ̀ gbọ́ nípa rẹ̀. Ó ṣẹlẹ̀ sí àwọn kan pé lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, nígbà tí wọ́n ti gbàgbé, ìrora kàn dé lójijì, ọrùn sì yọ kókó síta. Èyí lè jẹ́ pé kókó náà bẹ́ láti inú. Oògùn àti ìsinmi ló sábà máa ń yanjú rẹ̀, àwọn díẹ̀ sì máa ń nílò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ má ṣe fi ọwọ́ ara yín tẹ̀ ẹ́. Bí ọkàn bá sì ń sáré tàbí tí ọwọ́ ń gbọ̀n, àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ni yóò sọ bí táírọ́ọ̀dù ṣe ń ṣe sí.

Ẹ̀yin ará ilé

Ẹ má dúró kí aláìsàn bẹ̀ yín. Ẹni tí ara rẹ̀ kò fi nǹkan hàn máa ń tijú láti bẹ̀bẹ̀. Ẹ mọ ọjọ́ tí kò gbọdọ̀ gbé nǹkan dé, kí ẹ sì gba nǹkan náà lọ́wọ́ rẹ̀ kí ó tó nawọ́ sí i. Bí ẹ bá jọ lọ sóde, ẹ bá a sọ fún àwọn ènìyàn, kí ó má bàa jẹ́ pé òun nìkan ni yóò máa ṣàlàyé. Ẹ yé béèrè lójoojúmọ́ pé, "Ṣé ó ti lọ?" Ẹ jẹ́ kí a ya fọ́tò ọrùn náà lẹ́ẹ̀kan lóṣù, ní ibì kan náà, pẹ̀lú ìmọ́lẹ̀ kan náà. Ohun tí ojú ojoojúmọ́ kò rí, fọ́tò yóò fi hàn. Ẹ sì ràn án lọ́wọ́ láti rántí ọjọ́ sikáànì. Tèmi jẹ́ oṣù kìíní, oṣù kẹta, oṣù kẹfà àti oṣù kejìlá.

Ẹ̀yin tí ẹ ń gbèrò ìtọ́jú náà, ẹ bi dókítà léèrè iye ìgbà tí ó ti ṣe é rí. Ẹ béèrè lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ adójútòfò bóyá wọn yóò san án. Ẹ béèrè nọ́ńbà tí ẹ lè pè lóru.

Ní oṣù kẹfà, sikáànì fi hàn pé kókó mi tí ó jẹ́ mílílítà 18 tẹ́lẹ̀ ti di 7. Ó ṣì wà níbẹ̀. Bí mo bá fọwọ́ kàn án, mo mọ ibi tó wà. Ṣùgbọ́n iyán ń lọ, oorun ń lọ. Oṣù tó tẹ̀ lé e ni àbúrò mi obìnrin ṣègbéyàwó ní Ìbàdàn. Ìyá mi gbé iyùn wọn jáde, wọ́n fi sí mi lọ́rùn fúnra wọn, wọ́n sì so ó lẹ́yìn. Wọn kò sọ nǹkan kan nípa kókó. Nígbà tí mo fẹ́ bá wọn gbé àpótí aṣọ ìyàwó, wọ́n gbá mi lọ́wọ́ pé kí n fi sílẹ̀. Mo ní ara mi ti yá. Wọ́n ní àwọn mọ̀.

Ẹ tọ́jú ara yín, kí ẹ sì tọ́jú ẹni tí kò lè fi egbò rẹ̀ hàn yín. Títí di ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀, ó dàbọ̀.